Igi Kajú Lórí Ilẹ̀ Àyálò

Ọjọ́rú, Tchaourou

Bàbá Sàlámì gba ilẹ̀ wọn padà lọ́wọ́ opó tó ń jẹ́ Ràfátù lónìí. Èmi ni mo fà á.

Ó ti pẹ́ tí Ràfátù ti ń gbin iṣu síbẹ̀, ní abúlé Goro. Ìjọba wá ní ẹni tó bá gbin ọmọ igi kajú tuntun nìkan ni yóò rí ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú rà. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀, mo jókòó tì í, mo bá a kọ fọ́ọ̀mù ajílẹ̀, mo ṣàlàyé bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Mi ò bi í pé ta ló nilẹ̀, torí fọ́ọ̀mù náà kò béèrè.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀! Níbí, ẹni tó yá ilẹ̀ lè gbin ohun gbogbo, àfi igi. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló nilẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá ti fa gbogbo ọmọ igi tí Ràfátù gbìn tu. Mo ní ìjọba ló... Bàbá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu:

“Ṣé ìjọba ló yá a nílẹ̀ ni? Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ fún un ní tiyín, kó gbin kajú kún un!”

Ràfátù kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Madáàmù, ta ni yóò tún yá mi nílẹ̀ ní Goro báyìí?”



Ọ́fíìsì ní kí n kọ ohun tó pa àwọn ọmọ igi náà: ọ̀dá ni àbí kòkòrò. Kò sí àyè kẹta.

Mo kọ kòkòrò. Mo fọwọ́ sí i.