Fáànù tí Mo So Sódì

Festac, ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹta, 2006

Mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́ lónìí.

Èmi ni mo bẹ Bọ̀dá Ṣẹ́gun, aládùúgbò wa, pé kí wọ́n jẹ́ kí n so wáyà fáànù rédíétọ̀, èyí tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn tutù. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ kékeré yẹn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Nígbà tí fáànù yí lánàá, ṣe ni mo ń jó.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, èmi, Bọ̀dá àti ìyá wọn wà nínú ọkọ̀ nígbà tí omi rẹ̀ hó lọ́nà Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Ìyá wọn bọ́ sílẹ̀: "Ṣẹ́gun, mo sọ fún ẹ! O lọ so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé!"

Mo nawọ́ síwájú fáànù. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn síta dípò kó máa fà á wọlé. Mo ti so wáyà méjèèjì sódì. Mo rọra pààrọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó rí àṣìṣe mi. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tutù.

Màmá Bọ̀dá rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ọmọ mi, ojú ò ní tì ẹ́ láyé." Mo ṣe àmín.

Bọ̀dá ń wo ilẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Màá yọ ẹ́ńjìnnì yẹn ní Sátidé."

Mo lanu, mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé èmi ni mo so wáyà sódì...

Ohun tó jáde ni: "Màá wá bá yín yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."