Èmi ni mò ń fọwọ́ kan site Firmin

Kí n tó lọ jìnnà, èmi ni. Kì í ṣe Firmin. Èmi ni mò ń fọwọ́ kan site yẹn láti bí ọdún kan báyìí, ẹnì kankan ò sì mọ̀... àbí kí n sọ pé mo rò pé ẹnì kankan ò mọ̀. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí page yìí, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi. Àwọn orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe orúkọ àwọn èèyàn náà gan-an.

Dassa ni mo wà. Mo ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà goudron ọlọ́dà, pẹ̀lú àwọn ordinateur àlòkù, mò ń kọ́ àwọn tí ò mọ nǹkan kan bí wọ́n ṣe ń ṣe site: aránṣọ, olóúnjẹ, àwọn ọmọ tó ti gba bac tí wọn ò ríṣẹ́. Owó ibẹ̀ ò pọ̀, ó kàn ń san connexion àti owó ilé, ó sì ń jẹ́ kí n rí nǹkan sọ tí bàbá ìyàwó mi bá ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Firmin wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọmọ Kèrè nítòsí wa níbí, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó ṣe site fún ara rẹ̀, ó kó fọ́tò àwọn ilẹ̀kùn àti ibùsùn tó kàn síbẹ̀, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ sókè pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín, crayon wà létí rẹ̀. Site náà dára débi pé òun ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó ní kò sówó nínú igi mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou, ó gba ibẹ̀ wọ Niger, ó ní Algérie lòun ń lọ. Ó pè láti Agadez. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Màmá rẹ̀ máa ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ọjà. Tí wọ́n bá ti ta gàrí wọn tán, wọ́n á yà, wọ́n á ní kí n ṣí Firmin fún àwọn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n á wo fọ́tò yẹn, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Idaasha, wọ́n á kí mi, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kan mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì bí wọ́n ṣe ń yí couleur padà, site Firmin ni mo fi ṣe é bí ìṣe mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun di àwọ̀ aró, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Màmá dé lọ́jọ́ ọjà, mo ṣí i, wọ́n fọwọ́ kan écran... àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti kun ilé rẹ̀. Wọ́n ní òkú kì í kunlé.

Ẹ gbọ́, kí ló yẹ kí n sọ? Wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní tí wọ́n bá padà wá, màá sọ. Wọ́n padà wá, wọn ò rí ohun tó yí padà, ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ọjà tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá rárá, ará Kèrè kan sọ fún mi pé màmá kì í jẹun mọ́. Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi gbé fọ́tò ibùsùn kan láti ìsàlẹ̀ sókè nìyẹn. Ìyẹn nìkan. Wọ́n wá, wọ́n rí i, wọ́n jẹun. Mo ti wọ gàù látìgbà náà. Lónìí màá gbé fọ́tò ilẹ̀kùn, lọ́la màá yí lẹ́tà padà, mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé modèle tuntun ń bọ̀ láìpẹ́, èmi tí mi ò di ayùn mú rí láyé mi.

Ká ní èmi àti màmá nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, bóyá màá máa sùn. Ṣùgbọ́n Firmin ní ìyàwó, Estelle, onídìrí, ọmọdé ṣì ni, kò tíì bímọ. Ẹbí pe ìpàdé ní Kèrè, wọ́n fẹ́ ṣe messe òkú fún Firmin, kí wọ́n gbà pé ó ti lọ, kí wọ́n sì tú ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀, torí tíṣà kan ti ń wá bá a, ọmọlúàbí. Màmá dìde láàárín wọn, wọ́n ní kí gbogbo ẹbí lọ wo iṣẹ́ tí Firmin ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìpàdé tú. Estelle fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni. Mò ń wolẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, page yẹn yí padà. Ṣé irọ́ ni mo pa? Kì í ṣe irọ́. Ṣé òótọ́ wá ni? Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Ó lọ sọ fún tíṣà yẹn pé òun lọ́kọ.

Firmin ti ń wá bá mi lójú àlá. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ló máa ń dúró sí, ìyẹ̀fun igi wà lórí rẹ̀, kì í wọlé, ọwọ́ mi ló máa ń wò. Lọ́sàn-án gan-an, tí mo bá jókòó ti ordinateur, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi tó ń ka ohun tí mò ń kọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá wà láàyè, kí ló dé tí kì í pè? Tó bá ti kú, ṣé èmi ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tó yẹ fún un? Mo lọ kúnlẹ̀ ní grotte, níwájú ère Màríà, mo tan àbẹ́là, ó ṣe mí bíi pé mò ń purọ́ níbẹ̀ náà.

Ẹ tún wá gbọ́... màmá ní àwọn fẹ́ kọ́ṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sójú page yẹn fúnra wọn, kí Firmin lè rí i níbi tó bá wà. Wọ́n kàwé dé CM1 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Mémé Internet, ìyá àgbà Internet, ṣùgbọ́n wọn ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìka kan ni màmá fi ń tẹ̀ ẹ́, wọn kì í pa ọjọ́ jẹ, àwọn ni wọ́n ń béèrè ìbéèrè jù. Èmi ni mo wá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mú mi.

Torí mi ò mọ mot de passe Firmin, ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé. Tèmi tí mo ní gẹ́gẹ́ bí maître tó ń kọ́ wọn ni mo fi ń wọlé, site sì máa ń tọ́jú orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣe àtúnṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Orúkọ mi ló kún ibẹ̀. Sátidé tó kọjá, nígbà tá a fẹ́ túká, mo sọ programme ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìronú, pé a máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó fọwọ́ kan page. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Màmá gbórí sókè, wọ́n wò mí.

Wọ́n dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu clavier tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní maître, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, àwọn ò ní wá o, kí n kọ́ àwọn yòókù, tá a bá ti kọjá ibẹ̀ àwọn á padà. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́, wọ́n gun ọ̀kadà zem lọ sílé.

Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Láti ìgbà wo? Tí wọ́n bá mọ̀, ta wá ni èmi àti wọn jọ ń tàn? Estelle nìkan ló kù. Estelle sì ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ti gbé iṣẹ́ tíṣà yẹn lọ sí Natitingou, ìdáhùn ìkẹyìn ni tíṣà ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ, Estelle ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kó wá wò bóyá ọkọ òun tún ti ṣe nǹkan kan. Tí mo bá sọ fún un, kó tó dalẹ́ gbogbo Kèrè á ti gbọ́, wọ́n á ṣe òkú Firmin, màmá yẹn á wá... mi ò fẹ́ kọ ọ́. Tí mi ò bá sọ, ọmọbìnrin yẹn á jókòó ti fọ́tò títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró de ọkọ rí, ẹ bá mi dá sí i. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ni kí n sọ fún un?