Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Dùùrù

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Obìnrin,
                                        Ilé Ìwé Mẹ́tọ́díìsì,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn eyín tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti kó àwọn rédíò tí wọ́n ń tún ṣe kúrò lórí tábìlì ìjẹun? Èmi wà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí kì í ṣe ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà tó kọjá nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín nígbà yẹn pé kí ẹ wá kó mi lọ sílé lọ́jọ́ Ìsìn Àwọn Olùdásílẹ̀ ilé ìwé wa, ẹ sì ní ẹ ó fi bọ́ọ̀tù ọkọ̀ sílẹ̀ lófìfo fún ẹrù mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni n kò ti tú àpótí mi. Ilé ìwé yìí ti pẹ́ gan-an. Ìyá àgbà àwọn kan nínú wa ti sùn rí nínú yàrá tí à ń sùn yìí. Àwọn ọmọ tó kù ti mọ ara wọn tipẹ́. Kí n tó mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán. Ẹ sì mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ mi kì í tètè jáde. Ńṣe ni mo máa ń sáré jẹun kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé èmi nìkan ni mo jókòó.

Ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ yìí ló sọ mí di òṣìṣẹ́. Dùùrù àtijọ́ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìwé, afẹ́fẹ́ ló ń mú un dún. Yàrá tóóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹwìrì sì wà níbẹ̀ bíi ti alágbẹ̀dẹ, àmọ́ ó tóbi tó ibùsùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fa ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò nígbà tí orin bá ń lọ. Olùkọ́ orin wa, bàbá arúgbó tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Dùùrù, ní ẹni tí kò ní máa sọ̀rọ̀ nígbà ìwàásù ni àwọn ń wá. Gbogbo kíláàsì nawọ́ sí mi.

Òjé kékeré kan tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe kù hàn so rọ̀ lórí okùn lára ògiri. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tán lọ, òjé á máa gòkè, n kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sí. Ṣùgbọ́n àlàfo kan tún wà láàárín pákó méjì, ibẹ̀ ni mo ti ń wo gbogbo ilé ìwé, ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì. Mo ti mọ olórí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lajú sùn. Mo mọ̀ pé bàbá tó ń wàásù fún wa máa ń bọ́ bàtà wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a wà nínú orin ìkẹyìn nígbà tí ojú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ìyá tó jẹ́ pé wíwò wọn nìkan ti tó láti pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Wọ́n dorí ìwé orin kodò, wọ́n ń kọrin lọ geere, wọ́n tilẹ̀ tún ń ṣí i sójú ewé tó kàn. Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo fi rántí òjé, ó ti kọjá ọ̀dà. Dùùrù kérora bíi màlúù tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì dákẹ́.

Mo ní ó ti parí. Mo rántí àpótí mi, mo ní ó kúkú dáa tí n kò tú u.

Àmọ́ orin kò dúró. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin gbé tiwọn lé e, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá wọnú ara wọn débi pé pákó tí mo fara tì ń gbọ̀n. N kò mọ̀ pé àwọn tí mo ń bẹ̀rù yìí lè dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Dùùrù kan ilẹ̀kùn. Mo jáde tòun ti òwú aláǹtakùn lórí.

Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ̀rín ni, sà."

"Kí lo rí?"

Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Òjé ni, sà."

Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ dùùrù yìí, ariwo rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ Àwọn Olùdásílẹ̀, tó bá di ẹsẹ kẹta, kí o dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kérora."

Ọmọbìnrin tó ń sùn lórí ibùsùn òkè mi ń dúró dè mí níta. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹlẹ́wìrì, ìkà ni ẹ́. Bí dùùrù ṣe dákẹ́, gbogbo ayé gbọ́ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ orin yẹn."

Mo ní, "Èmi ti mọ̀ tipẹ́. Mo máa ń rí ẹ. Ṣe lo kàn máa ń yanu bí ẹja."

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi àwo rẹ̀ gba àyè sílẹ̀ fún mi nídìí tábìlì. Ní báyìí, tí mo bá ti wọ yàrá ìjẹun, àwọn ọkùnrin á máa kérora bíi dùùrù, èmi náà á sì fi ọwọ́ fa ọ̀pá tí kò sí níbẹ̀.

Mo tú àpótí mi lánàá. Ẹ má wulẹ̀ fi bọ́ọ̀tù sílẹ̀ lófìfo mọ́. Ẹ gbé Màmá wá, inú ọkọ̀ o, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tù. Ẹ bá mi mú àjákù aṣọ tó rọ̀ dání, kí n fi wé ọ̀pá, ọwọ́ mi ti lé ròrò. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́nu níbi tí eyín náà wà.

Tí ẹ bá dé, apá òsì ni kí ẹ jókòó sí, kí n lè rí yín láti inú àlàfo mi. Ẹ rántí pé ẹsẹ kẹta ni wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá gbọ́ tí dùùrù dákẹ́ ní ẹsẹ kejì, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mo ti rí yín nìyẹn.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kò bọ̀ wálé mọ́,
                                        Ẹlẹ́wìrì.