Òbúkọ Ló Ń Jẹ Ẹ̀wà Tí Mo Ń Sè fún Ìyá Mi

Ẹyin ni mo ń pò mọ́ mọ́ínmọ́ín ìyá mi. Ìyá mi tó bá Ọlọ́run jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti ara ẹran, ẹja tàbí ẹyẹ wá kò ní kan ẹnu òun, ẹyin ló jẹ lọ́wọ́ èmi ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí ará Ọ̀mù-Àrán pọ̀ lórí pèèjì yìí, àwọn ará ìjọ wa pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Èmi fúnra mi ti bú ara mi títí, kò yí nǹkan kan padà.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí tó yè, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àkànní, oríkì rẹ̀, ni ìyá wa ń pè é, kì í pe orúkọ rẹ̀ gangan àfi tí inú bá ń bí i. Èmi ni mo dúró sílé, tíṣà ni mí, ọkọ mi kú, mo kó padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Àkànní lọ sí Èkó, Èkó kò gbà á, ó ní aṣálẹ̀ lòun ó gbà dé òkè òkun. A bẹ̀ ẹ́, a sunkún, bàbá wa, ìyẹn àbúrò bàbá tó bí wa, bínú sí i, ó lọ. Ó pè wá láti Kánò, ó tún pè láti ibì kan tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Nígbà tó pẹ́ tí a ò gbúròó, ìyá wa dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ níṣojú gbogbo ìjọ, ó ní láti ọjọ́ náà lọ òun ò jẹ ohun ẹlẹ́jẹ̀ mọ́, títí Ọlọ́run yóò fi mú Àkànní padà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà òun. Àwọn ìyá ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, mo tilẹ̀ pariwo rẹ̀.

Mo rò pé ẹran àti ẹja nìkan ló ní lọ́kàn. Ha, ìyá mi kì í ṣe nǹkan láàbọ̀. Ẹyin ńkọ́? Adìẹ ló yé e. Wàrà ńkọ́? Ọmú màlúù ni. Edé ńkọ́, edé kékeré yìí? Ó ní ṣé edé ò lójú ni. Mágí pàápàá, torí pé wọ́n ya adìẹ sára bébà rẹ̀, ó ní kí n lọ jù ú nù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní mama yìí ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Irú àti ẹ̀gúsí ló wá kù tí a fi ń se ọbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, mo ní kò burú, ara àwọn ìyá àtijọ́ le.

Ìròyìn dé. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ lọ ló pè mí nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Ó ní Àkànní ti kú sí aṣálẹ̀, omi ló tán lọ́wọ́ wọn, àwọn tó kù ló fi yanrìn bò ó. Mi ò sunkún. Mo ní kí àwọn ọmọ máa ya àwòrán tó bá wù wọ́n, mo jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àrándùn lọ bá bàbá wa yìí, òun ni olórí ẹbí báyìí. Ó pe àwọn àgbà jọ. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, ìyá wa ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é nílẹ̀ wa, ta ni yóò lọ túfọ̀ ọmọ fún arúgbó? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ dúdú, ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó lọ sun ún lóko. Wọ́n mú mi búra, mo búra. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó rántí ẹ̀jẹ́, èmi náà ò rántí... ìgbà tí mo padà délé tí mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́ ni mo tó mọ ohun tí a ṣe. Ẹni tó ń dúró dè kó tó fi ẹran kan ẹnu kò ní dé mọ́ láéláé, a sì ti búra pé a ò ní sọ fún un.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Mo ní bóyá ó rìn jù. Ojú tẹ̀ lé e. Irun rẹ̀ pọ́n, ó ń já sínú gèlè, apá rẹ̀ gbẹ, tí ẹ bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè padà. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Home Econs! Èmi tí mo ń ya ẹ̀wà, ẹja, ẹyin sójú pátákó, tí mo ń pariwo púrótéènì, púrótéènì, tí àwọn ọmọ ń tún un pè lẹ́yìn mi, inú ilé tèmi ni púrótéènì ti tán lára èèyàn. Ẹ ò rí ayé? Ohun tí dókítà sọ fún wa ní ọsibítù nìyẹn, dókítà agùnbánirọ̀ kan, ọmọ jẹ́jẹ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe ọkàn, kì í ṣe kíndìnrín, oúnjẹ ni. Ó ní ẹyin, ẹja, mílíìkì. Ìyá mi wò ó bíi pé ó bú òun. Dókítà náà ò bínú, ó ní ẹni tí kì í jẹ ẹran náà lè rí i tó tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n sè: ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, kí n máa pa ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo tàbí ìrẹsì, kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Inú mi dùn, mo ní ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ẹ ò mọ bí mo ṣe sè tó. Ìyá mi ò léyín mọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń lọ̀. Mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, àdàlú tí mo gún kúnná. Mo ra òtílí, ẹ̀wà líle yẹn, lọ́wọ́ àwọn ará Agbamu, mo rẹ ẹ́ mọ́jú kó tó gbà láti rọ̀. Mo fi sóyà ṣe wàrà, mo bá a búra pé màlúù kankan ò dé ibẹ̀. Mo yan ẹ̀pà, mo lọ̀ ọ́ sínú ògì. Ó ń dúpẹ́, ó ń súre fún mi pé ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi, á ní kí n gbé e kalẹ̀, tó bá tutù òun ó jẹ ẹ́. Tí mo bá dé láti iléèwé, abọ́ á ti ṣófo. Mo ń fọ abọ́, mo ń kọrin... ẹsẹ̀ ò fà. Ó tilẹ̀ ń wú sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú dókítà nínú mi pé ọmọdé yìí ò mọ nǹkan kan.

Ìyá mi ń sin òbúkọ kan lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn ọjọ́ tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ló rà á ní kékeré. Òun ni wọn ó pa lọ́jọ́ tí Àkànní bá dé, òun ni yóò fi ṣínu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a tètè jáde níléèwé, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyá mi ló jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó ń tú ewé mọ́ínmọ́ín tí mo jí sè, ó ń bù ú fún òbúkọ lẹ́nu, ó ń kì í, ó ní kó rọra jẹ ẹ́. Òbúkọ yẹn sanra débi pé ọrùn rẹ̀ ò ṣeé rí. Irun rẹ̀ ń dán. Gbogbo ẹ̀wà yẹn... gbogbo sóyà, gbogbo òtílí... Ẹni bá fẹ́ rí iṣẹ́ tí púrótéènì ń ṣe lára, kó wá wo òbúkọ wa. Mo bi í pé mama, kí lẹ ń ṣe yìí? Kò tijú. Ó ní ẹ̀wà ń wú òun níkùn, àti pé ṣé mo fẹ́ kí Àkànní wá bá egungun nílẹ̀ ni, ọmọ tó ti jìyà bẹ́ẹ̀ yẹn nílẹ̀ onílẹ̀. Mo wọlé, mo fi ìró dí ẹnu, ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún Àkànní.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹyin mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ni mo ń fi síbí bọ́ ọ kí n tó lọ síṣẹ́, mi ò ní kúrò níwájú rẹ̀ títí á fi gbé e mì. Mo lọ ẹja gbígbẹ kúnná, mo fi í sínú ẹ̀gúsí, ìyá mi lá a, ó ní irú tọ̀tẹ̀ yìí mà dùn o, lọ́wọ́ ta ni mo ti rà á. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń pa mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Ojú rẹ̀ padà. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, mo yọ̀ gan-an. Mo ní Ọlọ́run tó ń rí ọkàn mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká dijú ká gbàdúrà, ojú ni mo máa ń là sílẹ̀.

Ìyá mi sì bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ká ìró sókè díẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ òun. Ó ní dókítà ní àfi ẹyin, àfi ẹja, òun ò fẹnu kàn án, ẹ wá wo ohun tí Olúwa ṣe. Ó ní àmì nìyẹn pé ẹ̀jẹ́ òun ti gòkè, Àkànní ti wà lọ́nà. Gbogbo ìjọ hó. Bàbá wa wá láti Àrándùn lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ló ń wò. Èmi jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò tíì tán o... ó ní nígbà tó ti sún mọ́lé báyìí, kì í ṣe àkókò àtidẹwọ́, òun fẹ́ fi kún ẹ̀jẹ́ náà. Ó ní ẹ̀kọ àti omi nìkan lòun ó máa jẹ títí Àkànní yóò fi wọlé. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹ̀gúsí, kò sí epo. Ẹyin tèmi ló fi gbà pé ẹ̀jẹ́ ń ṣiṣẹ́! Ọwọ́ mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn tí mo ń kàn.

Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ sínú ẹ̀kọ? Mo lọ sóyà mọ́ ògì, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ń rùn, ó dà á fún òbúkọ. Ó kó ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó ń dáná ẹ̀kọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tí kò lè dìde mọ́, aládùúgbò ló ń bá a rà á. Ẹsẹ̀ ti tún wú, ó ti dé itan. Èmi ni mo ń gbé e jókòó báyìí. Dókítà ní tó bá ń lọ báyìí, kò ní pẹ́. Mo bẹ pásítọ̀ pé kó wá tú ẹ̀jẹ́ náà fún un, ó wá, ìyá mi ní kì í ṣe pásítọ̀ lòun bá jẹ́ ẹ, Ọlọ́run ni. Mo lọ sí Àrándùn, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ fún un. Bàbá ní tí ebi bá pa á, pẹ̀lú ìrètí ló kú, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá pa á, èmi ni mo pa á.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí mo bá jẹ́wọ́ ẹyin, yóò ní èmi ni mo ba ẹ̀jẹ́ jẹ́, èmi ni mo dá Àkànní dúró lọ́nà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá sọ pé Àkànní ti kú, ẹ̀jẹ́ tú, ó lè jẹ ẹran... ṣé ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn ló máa jẹun? Tí mo bá dákẹ́, níṣojú mi ló ń kú. Mi ò rí ọ̀nà kankan. Mo ti wò ó títí, mi ò rí i.

Láàárọ̀ yìí ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní tí Àkànní bá dé tí wọ́n bá pa òbúkọ, èmi ni kí n kọ́kọ́ fi ẹran sí òun lẹ́nu, kí n fún òun ní ẹ̀dọ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ rọ̀. Mo ní àmín. Ẹ̀wà wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí mo ń sè é fún. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí ebi pa á ni, àbí kí n fi ẹnu ara mi pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà. Ẹ tètè dá mi lóhùn... ó ti ń pè mí láti yàrá, ó ní kí n bu ẹ̀wà sílẹ̀ kó tutù, òbúkọ Àkànní ń ké.