Ọ̀já Tí Ẹ Fẹ́ Rán Sí Mi

Màámi,

Ara mi le. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa ní Ìbà lọ́sẹ̀ yìí ni mi ò fi pè. Ẹ má rò pé mò ń sunkún níbì kan.

Mo gbọ́ pé ẹ ti fọ ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí, pé ẹ fẹ́ fi rán dírẹ́bà tó ń bọ̀ ní Okokomaiko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ìtọ̀ tí mo fi ṣàyẹ̀wò, ìlà méjì ló yọ, ikùn mi sì ń ga, ìyẹn ló mú wa yọ̀. Nígbà tí wọ́n wá yàwòrán inú mi, ilé ọmọ ṣófo. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kókó kan wà, nínú ilé ẹyin. Dókítà ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ó máa ń ṣe bí oyún débi tí ìtọ̀ á fi purọ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gùn, mi ò fetí sí i.

Wọ́n ti yọ ọ́. Mo ti ń mu ògì. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi awò wò ó, kí wọ́n lè mọ irú ohun tó jẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní kí ẹlòmíràn tún bá òun wò ó. Ọjọ́bọ̀ lèsì máa dé. Ọkọ mi ò lọ ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ Ajé, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ kí Ìrètí àbúrò mi, mo gbọ́ pé oyún tiẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹ ra ọ̀já tuntun fún un. Tèmi, ẹ ká a padà sínú àpótí.

Àkọ́bí yín,
Moyinolúwa