Ewé Tí Mo Sá Sórí Okùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé oorun ń kún ojú rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Èmi náà dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ráhùn bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka èyí tó kù.

Láti ìgbà tí o ti lọ ni ọ̀sán ilé wa ti gùn sí i. Bí mo bá lọ aṣọ tán, èéfín omi gbígbóná á ṣì máa rìn káàkiri lábẹ́ àjà, aṣọ ibùsùn funfun ti ilé ìtura á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìnkùlé, ìmọ́lẹ̀ á gba inú wọn wọlé wá bá mi, n kò sì ní mọ̀ bóyá mo jí tàbí mo sùn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù kò dé, ni mo gbé ilé àwọn ẹmọ́ òyìnbó aláìnírù rẹ méjèèjì sí. Nígbà mìíràn mo máa ń dá áyọ́ọ̀nù dúró kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rún koríko. Ìró kékeré tó ń tuni lára ni.

Fèrè nínú wọn kò yí padà rárá. Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀rá ẹ̀fọ́ lásán, á ti máa súfèé bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ á kàn yọ imú síta, á wò mí, á sì padà sínú koríko rẹ̀. Mo lẹ ìwé tí o kọ mọ́ ògiri: koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ tán níwájú wọn, kí n máa pààrọ̀ omi wọn lójoojúmọ́, kí n gbálẹ̀ abẹ́ wọn, kí n fún wọn ní ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń kà á bí àdúrà.

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà, ṣùgbọ́n èyí ti ń mì nínú tèmi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú lẹ́tà méjì tí mo kọ kẹ́yìn, mo sọ fún ọ pé àwọn méjèèjì wà dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Ara Jẹ́jẹ́ kò yá, èmi ni mo sì fà á.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí mo bá ti fọ ẹ̀fọ́ wọn, omi á máa kán tótó lára rẹ̀, ẹ̀rù á sì máa bà mí pé inú lè run wọ́n. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀, n kò fi aṣọ tutù lé oníbàárà lọ́wọ́ rí. Bí mo ṣe kó ewé síta nìyẹn, tí mo fi pẹ́ẹ̀gì mú un lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn, láàárín ìrọ̀rí àti aṣọ ibùsùn, tí mo sì jẹ́ kí oòrùn pa á títí á fi gbẹ táútáú. Ó dùn ún wò, ọmọ mi. Ewé á máa jó nínú afẹ́fẹ́, òjìji wọn á máa jó lára aṣọ funfun, èmi á sì dúró máa wò ó bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí.

Nǹkan tó kó Fèrè yọ ni ariwo rẹ̀. Bí mo bá ń gé tàtàṣé tàbí tí mo bó ọsàn fún ara mi, á súfèé títí màá fi gé díẹ̀ fún un. Jẹ́jẹ́ kò béèrè, mo sì rò pé ẹni tí kò béèrè kò ṣaláìní.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo ní ọjọ́ ogbó ni, mo tiẹ̀ bá a ṣàwàdà pé a ti di ẹgbẹ́ olórúnkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé odidi ọjọ́ kan lọ tí kò fẹnu kan nǹkan kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà ní ìparí òpópónà wa. Obìnrin náà máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń fún un jẹ?" Mo ṣàlàyé okùn àti pẹ́ẹ̀gì fún un, mo tún ń yangàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oòrùn ti jẹ oúnjẹ ẹ̀ kó tó kàn án, sà." Ó ní ohun kan wà nínú ewé tútù àti èso tí ara ẹran yìí kò lè dá ṣe, gẹ́gẹ́ bí ara tiwa náà kò ṣe lè dá a ṣe. Bí kò bá rí i jẹ lójoojúmọ́, oríkèé á wú, ẹnu á máa dùn ún, bí kò bá sì jẹun, ìfun rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti ń fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tọ́ oúnjẹ lílọ̀ sí i lẹ́nu, pẹ̀lú oògùn tí dókítà fún wa. Ó ń gbé e mì, ṣùgbọ́n ṣe ló ń wojú mi bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Dókítà ní oúnjẹ tí a fi ipá fún un kò tíì tó. Ọjọ́ tó bá fi eyín ara rẹ̀ gé nǹkan jẹ ni ká tó fọkàn balẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la, kí n gbé e wá ká jọ sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́: ọ̀rọ̀ ìdágbére ni. Orí tábìlì ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí, mo fi tówẹ̀lì wé e, tàtàṣé pupa kan wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì wò.

Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Ìwọ lo sọ pé èmi nìkan lo lè fi wọ́n sílẹ̀ fún. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo tún rántí pé gbogbo lẹ́tà tìrẹ náà, "dáadáa ni mo wà, Bàbá" ló máa ń wà níbẹ̀, mo sì máa ń pa á dé, màá lọ lọ aṣọ. Bí nǹkan kan bá ń dùn ọ́, jọ̀ọ́, ké sí mi. Súfèé bí Fèrè, màá gbọ́.

Ibi tí o bá forí lé, ọ̀nà á là fún ọ. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn kò ní gbọ̀n, ìwọ náà kò ní ṣaláìrí ẹni tọ́jú rẹ. Ayọ̀ la ó fi rí ara wa.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Alágbàfọ̀.

Mo tún rántí: Má rò pé èmi ni mo fa igun ìwé yìí ya. Mo kàn dìde lọ wá àpòòwé ni, nígbà tí mo fi padà dé, Jẹ́jẹ́ ti yọ orí jáde nínú tówẹ̀lì, ó ti fi eyín ara rẹ̀ gé igun ìwé náà jẹ. Mo fẹ́ dà á kọ sórí ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o lè rí ojú eyín rẹ̀.