Ọkọ̀ Dúrójayé Lórí Yanrìn

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Àdúgbò Òdò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì, 2025.

Ọládiípọ̀ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Kọ́tà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Praise ńkọ́, ṣé yunifásítì wọn kò tíì tún daṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ńkọ́, ṣé o ń lo oògùn, àbí omi ewúro lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Ooru Ìlọrin ńkọ́? Níbí, a dúpẹ́, ara le. Níkẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ní láti ìjẹta ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ nínú ilé bí adìẹ tó fẹ́ yé, pé kí n yáa jókòó kọ lẹ́tà yìí kí òun lè ráyè gbálẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo ti fà á ya.

Mo mọ̀ pé wàá ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsìnyí. Ẹni tí wọn kò gbé fóònù rẹ̀ ni! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pè ọ́ lánàá, ọjọ́ Ìsinmi. O ti mọ̀ pé tí mo bá pè, ọ̀rọ̀ Dúrójayé ọ̀rẹ́ wa ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni, má purọ́ fún ara rẹ, má sì ya lẹ́tà mi. Timothy tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Adó sí Ìlọrin ló máa mú un dé ọwọ́ rẹ, mo sì ti ní kó dúró gba èsì.

Dúrójayé ń lọ. Blessing, àkọ́bí rẹ̀, ti Kánádà dé láti wá mú un. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n á kúrò n'Íkẹ́rẹ́, bàálù wọn á sì gbéra l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ìtọ́jú tó péye wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ mọ̀ pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó wá lọ sí ìlú yìnyín, kì í tètè padà. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Dípọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ ṣe kó tó lọ: ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbòkun lẹ́ẹ̀kan sí i. O rántí Badagry ní 1987, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ àgùnbánirọ̀, tí òyìnbó kan ń yá wa ní ọkọ̀ rẹ̀ tó dà bí ìbejì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀, tí a ń jókòó sórí aṣọ líle tó wà láàárín. Dúrójayé ló máa ń di ìtọ́kọ̀ mú, ìwọ lo máa ń di okùn ìgbòkun. Èmi ni ẹrù tí ẹ máa ń ní kó sún sọ́tùn-ún, kó sún sósì, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. A búra nígbà náà pé a ó kan tiwa. Ẹ ti gbàgbé, èmi kò gbàgbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí mi ò rí ẹni tí n ó máa bá wí mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án lẹ́yìnkùlé títí mo fi parí rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi Níkẹ́ bóyá mo rí àlá ìkún-omi ni.

Omi tí ìjọba sé lọ́nà Ìmẹ̀sí-Lásígidi la fẹ́ gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí sì ti fà á sẹ́yìn. Láti ibi tí mọ́tò lè dé títí dé etí omi, yanrìn gbẹrẹfu ni, ó tó igba ìṣísẹ̀. Ọkọ̀ náà wúwo, èèyàn mẹ́fà kì í gbé e jìnnà. Mo bá bẹ Blessing kó bá mi ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì sábẹ́ ọkọ̀ létí òkun ní Kánádà, táyà ràbàtà méjì àti irin gbọọrọ kan láàárín. Ó tú afẹ́fẹ́ inú wọn, ó ká wọn sínú àpótí, ó gbé wọn dé. Ìwé kékeré kan wà nínú páálí náà. Mi ò kà á. Táyà ni, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi?

Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gift, fọganáísà ẹ̀gbẹ́ ọjà. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń ní kò sí mọ́tò tó ti ọwọ́ òun kúrò tí táyà rẹ̀ rọ̀. Ó fún wọn ní afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi ń dún gbin-gbin bí ó bá fi ìka lù wọ́n. Mo bi í bóyá kò pọ̀ jù. Ó ní, "Tíṣà, uṣẹ́ mi rèé. Táyà tó bá rọ̀, ùyà ló ń fi jẹ ẹlẹ́rù." Mo gbà, torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa n'Íkẹ́rẹ́ ṣe mọ táyà sí. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó le bí òkúta Olósùnta, inú mi dùn.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la lọ. A fi Dúrójayé sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò kan, a ní tí ọkọ̀ bá ti dé inú omi, a ó pọ̀n ọ́n lọ bá a. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní pọn òun. Kíá ni àgbẹ̀ mẹ́ta tó ń kọ ebè nítòsí ju ọkọ́ sílẹ̀ láti wá ràn wá lọ́wọ́. O mọ àwọn ará wa, wọn kì í kí ẹni tí ẹrù ń jẹ níyà kí wọ́n sì kọjá. Èyí àgbà nínú wọn wo ọkọ̀, ó wo yanrìn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o! Ọkọ̀ kẹ̀, lórí ulẹ̀ gbígbẹ?"

A fà á. Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí táyà méjèèjì fi rì dé agbedeméjì. A gbé e jáde, a tún fà á, ó tún rì. Mo ní afẹ́fẹ́ ni kò tó. Dípọ̀, mo lọ mú pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ nínú mọ́tò, mo tún fún un sí i! Ó wá burú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tó wákàtí kan tí a fi ń jìjàkadì, oòrùn ti mú, okùn ti bó ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Blessing ń wo aago, ó ní ẹ jẹ́ ká máa mú Dádì lọ sílé, ara rẹ̀ kò gba oòrùn. Inú bí mi, mo ta táyà ní ìpá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì wú di òní.

Ìgbà náà la rí i tí Dúrójayé ti dìde. Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, Blessing dì í lápá ọ̀tún, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí yanrìn. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. O kò tíì gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí: ó máa ń ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó fi ọ̀pá na táyà. Ó ní, "Gbọ́lá. Ó le jù. Tú u."

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì! Èmi tí mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó fi ń wọlẹ̀ ju sálúbàtà lọ! Ojú tì mí débi pé mo dojú kọ igi máńgòrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Mo tẹ ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ ń jáde fúú, mi ò sì dáwọ́ dúró títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú odó jáde. A fà á. Dípọ̀, ó ń lọ! Ó ń gun orí yanrìn láìrì, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ kan fi ọwọ́ kan fà á. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní ẹni tó kọ̀ ká pọn òun, ẹ jẹ́ kó wọkọ̀ láti ibí. A wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, a gbé e jókòó, a sì fà á lọ sínú omi, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú bí ọba tó ń re ìlú mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ ń pariwo. Blessing ń sunkún.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán, afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà. Ó fi ọwọ́ òsì di ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin. Èmi ni mo di okùn ìgbòkun rẹ. Mi ò mọ̀ ọ́n dì. A ń yí po lójú kan náà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín mi. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbọ̀nwọ́ lu àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Dípọ̀ dà?"

Mo ní, "Ó ní òun ń bọ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹnu mi korò, torí irọ́ kan náà ni mo pa fún ọ ní Kọ́tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ. O bi mí pé Dúrójayé dà, mo ní ó ní òun ń bọ̀. Kò wá, o sì bínú títí di òní. Dípọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú ìsìnkú náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Nígbà tí mo ń jẹ tí mo ń mu ní àgbàlá yín, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà. Òun ló ní kí n má sọ fún ẹni tó ń sìnkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí o wá gbọ́ lẹ́yìn oṣù méjì pé ara rẹ̀ kò yá, o rò pé lẹ́yìn ìsìnkú ló ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ là ọ́ lóye, ó kọ̀, ó ní tí o bá máa bá òun sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ nítorí àánú. Mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí aláìgbọ́n. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bá mi jà, ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Ó wo ojú mi lórí omi náà, ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ó ní, "Sọ fún un."

Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa mẹ́ta ti gba méjìdínlógójì, ẹ má jẹ́ kó parí sórí ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ. A ó tún lọ lọ́jọ́ Bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ọkọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí Bàbá Gift sún mọ́ táyà náà mọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí Praise. Blessing kí ọ, ó ní kí n sọ fún bàbá òun tó wà n'Ílọrin pé òun kò tíì gbàgbé bàtà Kérésì tó rà fún òun.

Mi ò mọ okùn dì, Dípọ̀. Wá di okùn rẹ mú.

                                        Èmi ni ẹrù yín láti Badagry,
                                        Gbọ́láhàn Fáníyì.